Orúkọ Kan ní Ẹ̀yìn Ìwé

Oṣù kẹrìnlá nìyí tí Zmaranda Cornățeanu ti wà ní Valea Ulmului, ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti máa sin Ọlọ́run láì lọ́kọ. Manolache, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé e wá lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí bàbá wọn kú. Ó ní kó lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi ẹkún.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tíì pé.

Manolache sọ fún àwọn ẹbí ní Bukarẹ́sítì pé àyà ń dun àbúrò òun, ó wà ní Fiẹ́nà lọ́dọ̀ oníṣègùn. Ó sọ fún Ìyá Olórí Filoteea pé ọmọ náà fẹ́ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Àárín irọ́ méjèèjì ni Zmaranda há sí.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ kò le. Bàbá wọn pín ilẹ̀ rẹ̀ sí méjì dọ́gba kó tó kú. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kì í bá ará ilé pín ogún. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé irun obìnrin, tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, ó ti kú lójú ayé nìyẹn. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún irun Zmaranda: Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ.

Ó ti sọ pé òun kò fẹ́. Ìyá Olórí rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe wí, ọmọ mi. Èṣù ni kì í fẹ́.”

Bó bá ṣe ń kọ̀ tó ni wọ́n ń gbàdúrà fún un tó. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Àǹtí Elenca, àbúrò ìyá rẹ̀. Kò sí lẹ́tà tó ń jáde tí Ìyá Olórí kì í kọ́kọ́ kà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi dáná kọfí. Ògiri ga. Ẹnu ọ̀nà jẹ́ ẹyọ kan. Zmaranda kò sunkún mọ́. Ó ń hun ṣẹ́dà.

Ní Valea Ulmului, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ilé kékeré tirẹ̀ nínú ọgbà. Ọ̀dọ̀ Ìyá Tavefta ni wọ́n fi Zmaranda sí. Ìyá Tavefta ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kọ́kọ́rọ́ ilé kì í kúrò ní ìgbànú rẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìtàn ń pa á bí ọtí. Ìwé ìtàn àṣírí kan wà tó gbòde nígbà náà, tí wọ́n ń tẹ̀ ní abala pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ: ọmọ òrukàn, ilé kan létí odò, ìlẹ̀kùn tó fara sin sábẹ́ ilẹ̀, àti ọ̀gbẹ́ni kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti rówó. Gbogbo ìlú ló ń kà á. Zmaranda ló ń kà á sí Ìyá Tavefta létí.

“Má wọ ibẹ̀!” Ìyá Tavefta ké mọ́ ọmọ inú ìwé. “Òmùgọ̀! Ẹ̀jẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn, ó tún ń tì í!”

“Ó ti wọlé, Ìyá.”

“Mo mọ̀ pé yóò wọlé. Ẹ̀yin ọmọ ọlọ́lá, làákàyè yín kò tó nǹkan. Kà á lọ.”

“Ibẹ̀ ló parí sí.”

“Báwo ló ṣe máa parí síbẹ̀? Ta ló wà nínú yàrá náà?”

“Ó di abala tó ń bọ̀.”

Ìyá Tavefta ju òwú sílẹ̀. “Ẹni tó kọ ọ́ yìí, Ọlọ́run yóò bi í léèrè lọ́jọ́ ìdájọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

“Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún mi, mo lè dé Bukarẹ́sítì lọ bi í fún yín.”

Ìyá àgbà wò ó. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. “O gbọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n bí mi ṣáájú rẹ.”

Bàbá Sterie ló ń gbé ìwé náà wá. Ó ń rìn láti ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan dé òmíràn pẹ̀lú àpò awọ. Ìgbésí ayé àwọn ẹni mímọ́ àti kàlẹ́ńdà ló wà lókè àpò, ohun tí Ìyá Olórí ń rà nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni ìtàn àṣírí máa ń wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ó mú bébà ńlá kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì Ìyá Tavefta.

“Ìwé àkọ́kọ́ fẹ́ parí,” ó wí. “Ẹni bá san sílẹ̀ fún ìkejì báyìí, wọn yóò tẹ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àkọ́kọ́, pẹ̀lú oyè rẹ̀ àti ibi tó ń gbé.”

“Orúkọ ta?” Ìyá Tavefta béèrè.

“Orúkọ gbogbo wọn. Ìjòyè, àlùfáà, oníṣòwò. Ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí. Ẹlòmíràn kì í ka ìtàn rárá. Á wá orúkọ ara rẹ̀, á wo ẹni tó wà lókè òun, á bínú, ó parí.”

“Orúkọ tèmi náà lè wà níbẹ̀? Pẹ̀lú lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, bí ti inú Bíbélì?”

“Pẹ̀lú òjé, Ìyá. Bí ẹ bá kọ pé ẹ̀yin ni Ọba Ròmù, Ọba Ròmù ni wọn yóò tẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n yọ oyè kan kúrò lára orúkọ ọkùnrin kan. Ó wá sí ilé ìtẹ̀wé, ó da àpótí lẹ́tà òjé nù sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣà á. Láti ìgbà náà, wọn kì í fọwọ́ kan ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ.”

Zmaranda gbójú sókè lórí òfì.

Ìyá Tavefta ti ń nu ọwọ́ sára aṣọ. “Zmaranda, wá kọ ọ́ fún mi. Kọ ọ́ kó tóbi.”

Zmaranda jókòó. Ó kọ ọ́: Ìyá Tavefta, ajẹ́jẹ̀ẹ́, Valea Ulmului. Kò gbé kálàmù kúrò lórí bébà.

“Bàbá Sterie, èmi náà fẹ́ wà níbẹ̀.” Ó ká ìbòrí ṣẹ́dà tó ti fi oṣù kan hun, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. “Èyí tó?”

“Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ìyá Tavefta bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó! Kò tíì jẹ́jẹ̀ẹ́, ó ti ń dẹ́ṣẹ̀ ajẹ́jẹ̀ẹ́.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Ìyá.”

Ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìyá àgbà: Zmaranda Cornățeanu, ọmọ olóògbé ìjòyè Grigore Cornățeanu, tí wọ́n tì mọ́ Valea Ulmului, tí kò ṣàìsàn, tí kò sì fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́.

Bàbá Sterie mọ̀wé. Ó yí bébà síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ dé ìparí ìlà náà, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Tavefta ń bu ọtí èso fún un.

“Ìlà rẹ gùn, ọmọ,” Bàbá Sterie wí.

“Ṣé wọn yóò gé e?”

“Wọn kì í gé orúkọ.” Ó ká bébà náà. Ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpò pátápátá.

Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù ju dídúró lọ. Ààwẹ̀ Ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà àti àkàrà ọkà, ẹ̀wà àti kábéèjì kíkan. Ìyá Olórí wá wọn Zmaranda fún aṣọ dúdú. Ó fi okùn wọn èjìká rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń wọn òkú. Bàbá Sterie wá lẹ́ẹ̀kan.

“Wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́,” ó wí. “Ẹni tó ń kọ ọ́ ló wà nídìí wáìnì. Ó ti pa ẹni márùn-ún nínú ìtàn, kò mọ bí yóò ṣe yọ ẹni kẹfà.”

“Nígbà wo ni yóò mọ̀ ọ́n?”

“Ṣé mo mọ̀? Ó lè jẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde.”

Lẹ́yìn Àjíǹde, irun yóò ti lọ. Zmaranda padà sídìí òfì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ku méjì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ Tiusidé, Manolache dé.

Wọ́n pe Zmaranda sí yàrá àlejò Ìyá Olórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí àga fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ kan, ara rẹ̀ le, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán. Odindi ìdì aṣọ dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Àbúrò mi, o rù.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní kí wọ́n mú èyí tó dára jù. Ọmọ Cornățeanu kò ní wọ aṣọ tálákà níwájú Ọlọ́run.”

Ìyá Tavefta gbé kọfí wọlé, pẹ̀lú èso dídùn nínú ṣíbí àti ife omi tútù. Manolache lá ṣíbí náà mọ́, ó mu omi. Ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù, ó yọ ìwé kan.

“Ẹ wo èyí, Ìyá Olórí. Ó jáde ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn.”

“Ìtàn àṣírí! Nínú ilé yìí, ìjòyè?”

“Ẹ má ka inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ wò.”

Ìwé tuntun ni. Àwọn ewé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra létí, bí wọ́n ṣe ń tà wọ́n kí olówó wọn tó fi ọ̀bẹ là wọ́n. Manolache kò la ewé ìtàn kankan. Ewé kan ṣoṣo ló là, ìyẹn èyí tí orúkọ àwọn tó san sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

“Èmi ni ìkẹta láti òkè. Ọlọ́lá Manolache Cornățeanu, ẹ̀dà mẹ́wàá. Ẹ rí Nicolae Pârâianu tó ń fẹlá kiri? Ẹ̀dà méjì ló lè gbà. Ẹ wo ibi tí wọ́n jù ú sí, nísàlẹ̀ bí ẹni ń ṣagbe.”

“Ọlọ́run ló ń gbéni ga,” Ìyá Olórí wí.

“Mo ti fi mẹ́sàn-án tọrẹ. Adájọ́ gba kan. Àǹtí Elenca gba kan, ó ń gbé e kiri bí ọmọ ìkókó.”

Zmaranda di àwo ife mú. Ó ka iye náà lọ́kàn. Ẹ̀dà mẹ́sàn-án. Òun fúnra rẹ̀ ló pín wọn. Ewé tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ṣì wà ní lílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Tavefta kò tíì jáde. Ó dúró pẹ̀lú àwo ìgbékọfí, ojú rẹ̀ lára ìwé.

“Ọlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀.”

Ìyá Olórí yíjú sí i. “Orúkọ rẹ? Nínú kí ni?”

“Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, Ìyá. Ẹ fìyà rẹ̀ jẹ mí lọ́la, n ó gbà á. Lónìí, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ.”

Manolache rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyá àgbà ń ka àṣírí! Èyí dùn ju ìtàn lọ. Ẹ fún mi lọ́bẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n, kọfí yín ń tutù,” Zmaranda wí.

“Jẹ́ kó tutù.”

Ó la ewé náà. Bébà ya díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìka wá a láti òkè, ó ń fi orúkọ àwọn ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: olùkọ́ kan, oníṣòwò méjì, àlùfáà tó kọ oyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá dúró.

“Òun rèé. Ìyá Tavefta, ajẹ́jẹ̀ẹ́, Valea Ulmului.”

Ìyá Tavefta fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. “Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ọlọ́lá.”

Manolache kò kà á mọ́. Ojú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kan. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ó pa ìwé dé, ó fi í sínú ẹ̀wù.

“Ìyá Olórí, iṣẹ́ ń pè mí nílùú. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́la.”

“Lọ́la? Sátidé la dá.”

“Lọ́la àárọ̀. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ òrùlé ilé ìsìn yín. Bàbà ni mo fẹ́ fi bò ó.”

Ìyá Olórí wo àjà. “Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ẹ lọ́la, ta ni èmi?”

Manolache dìde. Ó tẹ̀ bá àbúrò rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó lórí.

“Kí wọ́n máa wá Zmaranda Cornățeanu bọ̀,” ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Kó tó di ọ̀sán ọ̀la, kò ní sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Tavefta kò jókòó.

“Kí lo kọ sábẹ́ orúkọ mi?”

Zmaranda sọ ọ́ fún un, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

“Lábẹ́ orúkọ mi,” ìyá àgbà wí. “Orúkọ kan ṣoṣo tí mo ní lórí bébà láyé mi. O fi tìrẹ bà á jẹ́.”

“Kò sí ọ̀nà mìíràn, Ìyá.”

“Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo wà nígbà tí bàbá mi mú mi wá. Ọmọbìnrin mẹ́fà ló bí. Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́? Ṣé mo kú?”

Ìyá Tavefta jáde, ó ti ìlẹ̀kùn láti ìta. Zmaranda gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nígbà tó yí lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń yí i.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n lu pátákó tí wọ́n fi ń peni sí àdúrà. Wọ́n wọ ẹ̀wù funfun fún Zmaranda, wọ́n tú irun rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Okúta ilé ìsìn tutù bí omi kànga. Kò sí àlejò kankan àfi Manolache. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tò sí apá méjì. Ìyá Tavefta ló mú un lọ́wọ́ wọlé, nítorí òun ni wọ́n yàn ṣe ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́. Kò wo ojú rẹ̀.

Àlùfáà tó ń gé irun ni Bàbá Calistru. Ilé àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, lódìkejì òkè, ló ti máa ń wá gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti gé irun obìnrin tó lé ní ọgbọ̀n, kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni jiyàn rí.

“Ọmọ mi, ṣé tinútinú lo fi wá? Àbí wọ́n fipá mú ọ?”

“Wọ́n fipá mú mi.”

Manolache wúkọ́.

“Ẹ̀rù ló ń bà á, Bàbá.”

“Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀,” Ìyá Olórí wí. “Ẹ máa bá a lọ.”

Bàbá Calistru wo ìwé àdúrà. Àlùmọ́gàjí wà lórí Ìhìnrere. Ọwọ́ ẹni tí wọn yóò gé irun rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e fún àlùfáà. Àlùfáà yóò jù ú sílẹ̀, ẹni náà yóò he é, yóò tún fi lé e lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe ń fi hàn nìyẹn pé òun lòun fẹ́ ẹ. Láìsí ìyẹn, irun tí wọ́n gé kò ju irun lásán lọ.

Bàbá Calistru ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó dún lórí okúta.

“He é, kí o sì fún mi.”

Zmaranda ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ìyá Olórí bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó tú ìka ọmọ náà, ó fi irin tútù sáàárín wọn. Zmaranda la ọwọ́. Ó bọ́ sílẹ̀.

Ìyá Olórí wo Ìyá Tavefta. “Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Di ọwọ́ rẹ̀ mú.”

Ìyá Tavefta kò mira. “Ìka mi ti le, Ìyá. Kò lè di nǹkan mú mọ́.” Òun ló ń hun ṣẹ́dà tó fẹ́lẹ́ jù ní gbogbo Valea Ulmului.

Manolache wá síwájú. Ó he àlùmọ́gàjí, ó nà án sí àlùfáà fúnra rẹ̀.

“Ẹ gé e, Bàbá. Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́.”

Bàbá Calistru kò gbà á. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

“Wọ́n ti gbọ́, ọlọ́lá,” ó wí. “Mo ti ka ìwé náà.”

“Ìwé wo?”

“Èyí tí ẹ gba ẹ̀dà mẹ́wàá rẹ̀. Bàbá Sterie tà á fún wa. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, n ó jẹ́wọ́ rẹ̀.” Ó nu iwájú orí. “Mo ń wá orúkọ tèmi ni. Ìlà mẹ́ta sókè tirẹ̀ ni mo wà. Bí mo ṣe rí tèmi, mo rí tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ẹni tó wà nítòsí òun.”

“Ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ọ́ fún!”

“Bí mo bá gé irun yìí lónìí, ọlọ́lá, èmi ni wọn yóò fi sínú ìwé kejì. Pẹ̀lú orúkọ mi, pẹ̀lú irùngbọ̀n mi.” Ó bọ́ aṣọ ọrùn ìsìn, ó fẹnu kò ó, ó ká a. “Mo ti dàgbà. Mi ò fẹ́.”

Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan nínú àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Olórí yíjú sí i, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Olórí pàápàá ti yí padà. Ó ń ro ohun tó ṣeé ṣe kó tún wà nínú ìlà náà: Valea Ulmului.

“Wọ́n kọ orúkọ ilé mi síbẹ̀?” ó bi àlùfáà.

“Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ tì í mọ́lé.”

“Tì í mọ́lé!” Ó bojú wo Manolache. “Ẹ̀yin lẹ ní ó fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ ní ojú ló ń tì í.”

“Ìyá Olórí, òrùlé bàbà—”

“Ẹ fi bo ilé yín. Ẹ gbé e kúrò níbí. Mi ò ní jẹ́ ẹni tí aráàlú yóò máa fi ìka tọ́ka sí.”

“Èmi kò ní gbé e,” Manolache wí. Ó ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó sì jáde. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí awakọ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́ pàṣán, wọ́n gbọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ lórí afárá.

Zmaranda ṣì dúró nínú ẹ̀wù funfun. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó lọ, kò sẹ́ni tó sọ pé kó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú nínú òtútù. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti ń wo ìlẹ̀kùn. Nísinsìnyí tó ṣí, kò mọ ẹsẹ̀ tí òun yóò kọ́kọ́ gbé.

“Ṣé wọ́n kàn ọ́ mọ́lẹ̀ ni?” Ìyá Tavefta ju ìbòrí onírun lé e léjìká. “Máa lọ, kí Ìyá Olórí tó rántí bàbà.”

“Ìyá, ẹ dárí jì mí nítorí orúkọ yín.”

“Má bá mi sọ̀rọ̀.” Ó ń tì í lẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. “Kò sí ẹni tí yóò kàwé fún mi mọ́. Ìyẹn ni kí o tọrọ ìdáríjì fún.”

Kẹ̀kẹ́ Bàbá Calistru kò ní òrùlé. Ẹṣin kan, tó ti gbó, ló ń fà á. Ó ní òun yóò gbé Zmaranda dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Elenca ní Bukarẹ́sítì, bí ẹṣin bá gbà. Ó fi koríko bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba ìjánu mú jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ná gbogbo ìgboyà ọdún kan tán láàárọ̀ kan.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí Bukarẹ́sítì láti Valea Ulmului. Ẹrọ̀fọ̀ ni, igbó wà lọ́tùn-ún, àbàtà wà lósì. Ojú ipa kẹ̀kẹ́ Manolache wà níwájú wọn, ó jìn, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún un. Kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí. Wọ́n tẹ̀ lé e.